Àrọ̀kúrò Nínú Àwo àti Nínú Igbá: Ọbẹ̀ Ẹ̀fọ́ àti Ohun Mímu Ìparí Òjò Nínú Àlejò Ṣíṣe Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá kì í pín ọdún sí mẹ́rin bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń pín in. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni òpó méjì tí ọdún dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetí sí èdè àgbẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ní orúkọ tirẹ̀, àkọ́rọ̀. Èyí tí ó ń rọ̀ kẹ́yìn kí ọyẹ́ tó dé náà ní tirẹ̀, àrọ̀kúrò. Àrọ̀kúrò jẹ́ orúkọ òjò, ó sì tún jẹ́ orúkọ àsìkò ọ̀gbìn. Nínú oṣù ọdún, òun ni ó bá ìgbà ìwọ́wé àwọn ará òkè òkun ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù kọ́ ni ó ń wọ́ ewé nílẹ̀ Yorùbá.

Àlejò ṣíṣe ní àsìkò yìí ní àwo àti igbá tirẹ̀. Bí ènìyàn bá wọ ilé kan ní Èkìtì ní oṣù Bélú, tí a sì gbé iyán àti ọbẹ̀ ìṣápá tútù kalẹ̀ fún un, oúnjẹ náà ti sọ oṣù tí a wà kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àsìkò fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀yẹ tí olùgbàlejò ń ṣe fún àlejò. Ohun tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde, tí kò sì ní sí mọ́ ní oṣù méjì sí i, ni a gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tí ọjà bá wá ń ta ẹ̀fọ́ mẹ́ta kan náà láti oṣù Sẹ́rẹ́ títí dé oṣù Ọ̀pẹ, tí ìgò sì ti gba ipò igbá, ẹ̀yẹ náà dínkù. Àwọn orúkọ, àwọn òwe àti ìmọ̀ ààbò tí ó so mọ́ ọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Àrọ̀kúrò nínú ètò ọdún

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún ilẹ̀ Yorùbá mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń fẹ́ wá láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń ru omi bọ̀. Èkejì ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá ìlà-oòrùn; òun ni ó ń gbẹ ètè, tí ó sì ń ru eruku ọyẹ́ wá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ó ń gòkè lọ sí àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó sì ń padà sí gúúsù bí ọdún bá ń lọ sí òpin. Ìdí nìyí tí òjò fi ń pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀: ní nǹkan bí oṣù Òkúdù, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Láàrin méjèèjì, òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Ògún. Òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó ń parí sí àrọ̀kúrò. Ó kárí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, oṣù Ọ̀wàrà àti apá kan oṣù Bélú, èyí tí í ṣe oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá nínú kàlẹ́ńdà òde òní. Orúkọ oṣù Ọ̀wàrà gan-an ń rán etí létí ọ̀wàrà òjò, òjò líle tí í dà wáá lójijì.

Ohun tí ó wà lóko ní àsìkò yìí pọ̀. Iṣu tuntun ti kúrò ní ohun ọdún àti ìbọ, ó ti di oúnjẹ gbogbo ilé. Àgbàdo ìgbà kejì ń gbó. A ń fọ ẹ̀gúsí, a sì ń sá a. Elégédé ti nípọn lábẹ́ ewé rẹ̀. Ilá ń so ju èyí tí ilé kan lè jẹ tán lọ, nítorí náà a ń gé e wẹ́wẹ́, a ń sá a sínú oòrùn títí yóò fi di orúnlá tí a ó máa jẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àti òpin ṣe pàdé ní àrọ̀kúrò. Ohun gbogbo wà, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ti ń wo ẹ̀ẹ̀rùn. Apá kan ìkórè ni a ń jẹ ní tútù, apá kan ni a ń tọ́jú pamọ́, àlejò tí ó bá sì dé ní àsìkò náà ni ó ń jẹ èyí tí ó tútù.

Ìṣápá: ewéko kan, ọ̀nà méjì

Bí ewéko kan bá wà tí a lè pè ní ti àrọ̀kúrò pátápátá, ìṣápá ni. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Hibiscus sabdariffa. Ìbátan ilá ni. A máa ń gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, a sì máa dàgbà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìtanná. Ohun tí ó ń dúró dè ni òru tí ó gùn. Ìṣápá wà lára àwọn ewéko tí kì í tanná àfi bí ojúmọmọ bá ti kúrú dé ìwọ̀n kan. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ojúmọmọ tí ó gùn jù lọ àti èyí tí ó kúrú jù lọ láàrin ọdún kò tó wákàtí kan. Ènìyàn lè gbé ibẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó má fura. Ìṣápá ń fura. Bí òru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lẹ́yìn oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ó ń tanná. Bí òdòdó náà bá ti rẹ̀, àwọn ewé kéékèèké tí ó yí ìdí rẹ̀ ká a nípọn, wọn a kún fún omi kíkan, wọn a sì bo èso mọ́lẹ̀. Àwọn ewé ìdí òdòdó yìí ni a ń ká.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ti funfun, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ni ti ọbẹ̀. Ti pupa, tí ó dúdú bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ, ni ti ohun mímu. Láti inú ewéko kan ṣoṣo, olùgbàlejò lè rí ohun tí yóò wà nínú àwo àti ohun tí yóò wà nínú ife.

Ọbẹ̀ ìṣápá kò le láti sè, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. Fún àlejò mẹ́fà, ife mẹ́rin ìṣápá funfun tútù tó, pẹ̀lú ife kan ààbọ̀ ẹ̀gúsí lílọ̀. A ó kọ́kọ́ yọ èso tí ó wà láàrin kúrò, nítorí òun le, kì í sì í rọ̀ nínú ọbẹ̀. A ó bọ ìyókù nínú omi gbígbóná fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, a ó dà á sínú ajọ̀, a ó fi omi tútù fọ̀ ọ́, a ó sì fún un. Bí ó bá ṣì kan jù, a ó tún un bọ̀. Ọgbọ́n ọbẹ̀ náà wà nínú mímọ ìgbà tí a ó dáwọ́ dúró. Bí kíkan rẹ̀ bá tán pátápátá, ìṣápá ti di koríko lásán; bí kò bá dínkù tó, eyín a kan àlejò. Lẹ́yìn èyí, a ó dín ata, tàtàṣé àti àlùbọ́sà lílọ̀ nínú epo pupa, a ó da irú sí i, a ó bu omi ẹran tàbí ti ẹja sí i, a ó sì fi ẹ̀gúsí tí a ti pò mọ́ omi díẹ̀ sínú rẹ̀ láìròó pọ̀, kí ó lè dì. Ìgbà tí ẹ̀gúsí bá jinná ni ìṣápá ń wọlé, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tàbí edé. Ọ̀rá ẹ̀gúsí àti epo ni ó ń gbá kíkan rẹ̀ mú, kíkan náà ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rá wọn sú ènìyàn. Iyán ni ó bá a mu jù.

Ti pupa ni Yorùbá wá ń pè ní sóbò, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Yíyá orúkọ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá má mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni sóbò inú ife àti ìṣápá inú ọbẹ̀. Láti ṣe é fún àlejò mẹ́wàá, a ó fi omi ṣan ife méjì ìṣápá pupa gbígbẹ, a ó sì sè é nínú lítà mẹ́ta omi pẹ̀lú atalẹ̀ tí a gún, kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí a fọ̀ mọ́ dáadáa. Ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. A ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó sì fi ṣúgà tàbí oyin sí i níwọ̀nba. Ìkòkò amọ̀, tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ni ó yẹ ẹ́. Kíkan rẹ̀ a máa jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù, èyí tí ó bá sì jẹ níbẹ̀ a bọ́ sínú ohun mímu. Nǹkan kan náà tí ó fún un ní àwọ̀ pupa ni ó ń sọ bí ó ti kan tó. Bí ènìyàn bá bu káún sínú ife sóbò kan, pupa náà yóò yí padà di àwọ̀ aró. Nítorí pé sóbò lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀, ó yẹ kí àlejò tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ ohun tí ó wà nínú ife rẹ̀.

Àwọn ẹ̀fọ́ tí kò sí lọ́jà ojoojúmọ́

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú kì í wọ́n lọ́jà mọ́ ní ìgbà kankan. Àwọn tí ń dáko ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀, ìyẹn ilẹ̀ olómi etí odò, ń bomi rin ín ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun rere ni èyí, nítorí kò sí oṣù tí ènìyàn kò ní rí ẹ̀fọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn wà tí wọn kì í wá láti oko àkùrọ̀. Oko tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi, abẹ́ igi kòkó àti etí ọ̀nà oko ni wọ́n ti ń hù fúnra wọn, òjò ni ó sì ń pè wọ́n jáde.

Ebòlò ń hù nínú oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tì. Òórùn rẹ̀ le, ẹni tí kò bá dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ sì lè kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kìíní. Bí a bá bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn náà a rọlẹ̀, a sì ku adùn. Wòròwó ń hù lábẹ́ òjìji kòkó àti obì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Èkìtì àti Ọ̀ṣun. Ewé rẹ̀ rọ̀ débi pé a kì í jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Gbúre kún fún omi àti ìyọ̀. Ẹni tí ó bá da omi sí ọbẹ̀ gbúre yóò fi omi ṣe àlejò. Nítorí náà a ń jẹ́ kí ata dín gbẹ dáadáa, a sì ń fi gbúre sí i kẹ́yìn. Ọ̀dú korò díẹ̀, ó sì ń fẹ́ irú púpọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀fọ́ rírò jẹ́ ẹ̀fọ́ ìgbà nítòótọ́, a lè ro méjì nínú wọn pọ̀, ọ̀kan tí ó rọ̀ àti ọ̀kan tí ó korò, kí ọ̀kan má bàa bo èkejì mọ́lẹ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a gé gbogbo wọn sójú kan kí a sì dà wọ́n sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí olúkúlùkù ń jinná yàtọ̀.

Olú náà wà lára oúnjẹ ìgbà òjò. Olú tí ń hù lára ọ̀gán, tí àwọn ikán fúnra wọn ń tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ nínú ilé wọn, ni a kà sí oyè láàrin olú. Ẹran ni a ń fi í pè nínú ọbẹ̀, nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ ẹran. Ṣùgbọ́n olú tí ó jọ ọ́ lójú, tí ó sì ń pani, wà. Kò sí àmì kan ṣoṣo tí ó lè ya olú rere sọ́tọ̀ kúrò lára olú búburú. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń fi han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ní ojú oko, ní ọdọọdún. Bí ẹ̀wọ̀n ìmọ̀ yìí bá já ní ìran kan, ohun tí ó bọ́gbọ́n mu jù fún ìran tí ó tẹ̀lé e ni kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́ rárá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dú fi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí hàn. Yorùbá a máa wí pé ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Òwe náà wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. A ń lò ó fún ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ẹ̀fọ́ márùn-ún kalẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pa òwe yìí ní ìlú ńlá, wọn kò ní lè nawọ́ sí ọ̀dú. Òwe tí ó sọ pé gbogbo ènìyàn mọ ohun kan ti wá di òwe nípa ohun tí ènìyàn díẹ̀ mọ̀. Èdè ṣì wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó dúró lé ti ń yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ohun mímu: láti igbá adẹ́mu dé ife àdàpọ̀

Ẹmu ni olórí ohun mímu àlejò, ó sì ní ìyá méjì. Ẹmu ọ̀pẹ ń wá láti ara igi ọ̀pẹ tí ó dúró, tí adẹ́mu fi igbà gùn lọ sókè. Ẹmu ògùrọ̀ ń wá láti ara igi ògùrọ̀ tí ń hù ní ilẹ̀ àbàtà. Igi ògùrọ̀ kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ayé rẹ̀. Ìgbà náà ni a ń dá ẹmu rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Ní ìṣẹ́jú tí oje náà bá ti kan afẹ́fẹ́, ìwúkàrà inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ó dùn bí oyin, ní ọ̀sán ó ń hó, ní alẹ́ ó ti le. Bí ó bá sùn, ó ti ń kan lọ sí ọtí kíkan. Nítorí náà ni ẹmu fi jẹ́ ẹ̀yẹ: a kò lè rà á pamọ́ de àlejò. Ẹni tí ó bá gbé ẹmu àárọ̀ kalẹ̀ ti rán ènìyàn lọ bá adẹ́mu kí ilẹ̀ tó mọ́. Amos Tutuola fi èyí ṣe ìdí ìtàn *The Palm-Wine Drinkard*, tí ó jáde ní ọdún 1952: adẹ́mu kú, ọ̀rẹ́ fọ́nká, ọ̀mu náà sì ní láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìwé náà rí i pé láìsí adẹ́mu, kò sí àwùjọ.

Àgbàdo àrọ̀kúrò ni ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. A ó rẹ àgbàdo, a ó sì jẹ́ kí ó hù. Híhù yìí ni ó ń sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di adùn tí ìwúkàrà lè jẹ. A ó sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é fún ìgbà pípẹ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ọtí bàbà náà ń gba ọ̀nà kan náà. Àgàdàgídí rọrùn ju ìyẹn lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi dín dòdò mọ́, ni a ń bó, tí a ń gé sínú omi, tí a sì ń fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Èso tí ì bá bàjẹ́ ni ó di ohun àríyá.

Àwọn tí ń gbàlejò lónìí ti ń da ohun mímu pọ̀, èyí kò sì lòdì sí àṣà. Chapman, tí a ń fi oríṣiríṣi omi dídùn inú ìgò, bítà Angostura àti kùkúńbà wẹ́wẹ́ ṣe, ti di ara gbogbo àríyá ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ń da ẹmu pọ̀ mọ́ ọtí dúdú inú ìgò. Àdàpọ̀ tí ó bá àrọ̀kúrò mu jù lọ kò ní ọtí nínú rárá: ìdá méjì sóbò tútù, ìdá kan omi ọsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, oje atalẹ̀ díẹ̀, àti ègé ọsàn wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ilé Yorùbá tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ti ń jẹun pọ̀, èyí ṣe pàtàkì. Mùsùlùmí tí ó di ẹ̀sìn rẹ̀ mú kò ní mu ẹmu, ẹni tí ó ń sin Ọbàtálá náà kò sì ní mu ún, nítorí èèwọ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀wọ̀ fún àlejò ni kí a mọ ohun tí kì í mu kí ó tó di pé ó kọ̀ ọ́ lójú àwùjọ.

Bí a bá fẹ́ fi ọtí líle sí i, ògógóró, ìyẹn ẹmu tí a sè tí a sì gba oru rẹ̀, ni ó súnmọ́ ilé. Ìjọba amúnisìn lé àwọn tí ń sè é kiri ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ẹ̀bi. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí kì í ṣe ti òfin. Ní ọdún 2015, ọtí tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, irú rẹ̀ sì tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers ní ọdún kan náà. Methanol kò ní adùn tàbí òórùn tí ahọ́n lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọtí gidi. Nígbà àtijọ́, olùgbàlejò a máa kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò kí ó tó bù ú fún àlejò, láti fi hàn pé kò sí ewu nínú rẹ̀. Ìtọ́wò kò tó fún ògógóró tí a kò mọ ẹni tí ó sè é. Bí olùgbàlejò kò bá mọ orísun rẹ̀, kí ó má gbé e síwájú àlejò.

Àsìkò tí ó ré òkun kọjá

Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò lè gbé òjò wọn dání. Ohun tí wọ́n gbé lọ ni orúkọ àti ọ̀nà sísè. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní efó títí di òní: ewé tútù tí a fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè. Caruru, ọbẹ̀ ilá wọn, ni olórí oúnjẹ ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń bọ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì tí a so pọ̀ mọ́ Ìbejì. Ọmọdé méje ni a ń kọ́kọ́ fún jẹ kí àwọn àgbà tó fọwọ́ kàn án. Brazil wà ní ìhà gúúsù ayé, nítorí náà oṣù kẹsàn-án níbẹ̀ kì í ṣe ìparí ohunkóhun. Ìgbà tí ewé ń rú ni. Oúnjẹ náà ti kúrò lọ́wọ́ òjò, ó ti bọ́ sọ́wọ́ kàlẹ́ńdà ìjọ. Síbẹ̀ ó ṣì ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì dé ilé lọ́jọ́ náà mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀.

Ní Kúbà, àwọn olùbọ òrìṣà ń pe ohun mímu kan ní chequeté. Àgbàdo, ọsàn kíkan àti ṣúgà pupa wà nínú rẹ̀, a sì ń jẹ́ kí ó kan díẹ̀. Etí Yorùbá kò ní ṣàì gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nínú orúkọ yẹn. Níbẹ̀ náà, àjọ̀dún ni ó ń pa á mọ́. Ohun tí Yorùbá ilé fi àsìkò òjò so, àwọn ti òkèèrè fi ọjọ́ ìsìn so ó.

Ìṣápá pupa kọjá gbogbo wọn ní ìrìn àjò, nítorí gbígbẹ rẹ̀ jẹ́ kí ó lè pẹ́ nínú àpò. Ní Jàmáíkà, wọ́n ń pè é ní sorrel, wọ́n sì ń mu ún pẹ̀lú atalẹ̀ àti ọtí rọ́ọ̀mù ní ìgbà Kérésìmesì, nítorí pé òru gígùn ni ó ń mú un tanná lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Yorùbá tí ó ń gbàlejò ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ewé ń wọ́ lóde, lè rí ìṣápá gbígbẹ rà, kí ó sì fún àlejò rẹ̀ ní ohun mímu àrọ̀kúrò ní àrọ̀kúrò gan-an. Ebòlò àti wòròwó kò lè rin ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ òyìnbó ni ó ń ro dípò wọn, ó sì ń fún omi rẹ̀ kúrò tipátipá.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó lè tọ́jú irúgbìn wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́ tí a mọ̀ sí NIHORT ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, NACGRAB náà sì wà ní Moor Plantation ní ìlú kan náà, níbi tí a ti ń tọ́jú irúgbìn ewéko ilẹ̀ wa. Irúgbìn inú yàrá tútù lè pẹ́ ju ìran ènìyàn lọ. Ohun tí yàrá tútù kò lè tọ́jú ni iye ìgbà tí a ń fọ ìṣápá kí kíkan rẹ̀ tó dọ́gba, àmì tí a fi ń mọ olú ọ̀gán, àti ìwọ̀n iná tí wòròwó ń fẹ́. Inú ilé ìdáná àti ojú oko ni èyí wà, ìgbà tí àlejò bá sì ń bọ̀ ni a sábà máa ń lò ó, nítorí pé fún àlejò ni ènìyàn fi ń ṣe wàhálà tí kì í ṣe fún ara rẹ̀.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwo rẹ̀ tún máa sọ oṣù, iṣẹ́ náà kò pọ̀. Bí ó bá lọ sọ́jà ní oṣù Ọ̀wàrà, kí ó bi ẹlẹ́fọ̀ọ́ léèrè ohun tí kò sí lórí àtẹ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ó sì ra èyíinì. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé bá a yọ èso inú ìṣápá, kí orúkọ àti ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà lè jọ wọ inú wọn. Bí ó bá sì ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ̀bè ìṣápá méjì tó, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa, tí ó gbìn ní oṣù Òkúdù. Kò ní nílò kàlẹ́ńdà láti mọ ìgbà tí yóò pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Ìṣápá yóò ti ka gígùn òru fún un.